Ìṣùpọ̀ Ẹlẹ́wọ̀n

Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni obìnrin náà ti wà ní yàrá àwòrán ilé ìwòràwọ̀. Ojú-Àṣá ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, nítorí ohun tí ẹlòmíràn máa wò títí tí ojú á fi máa ro ó, ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa wò ó, á ní, "Òun nìyẹn." Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí awò ńlá lórí òkè á ya ojú ọ̀run sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọn á kó o wá fún un láàárọ̀. Òdì ni gbogbo nǹkan lórí gíláàsì yìí: ọ̀run funfun, ìràwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wá àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní gálásì, kó sì sọ irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

"Gbogbo ìràwọ̀ tí ẹ ń fojú rí lókè yẹn, inú ìṣùpọ̀ kan náà ni wọ́n wà," ló máa ń sọ fún àlejò tó bá yà sí yàrá rẹ̀. "Àwa àti oòrùn wa náà wà níbẹ̀. Àwọn ìṣùpọ̀ mìíràn wà lẹ́yìn tiwa, wọ́n pọ̀ lọ súà, wọ́n sì jìnnà débi pé bílíọ̀nù àìmọye ìràwọ̀ inú ọ̀kan kò ju àmì tín-ín-rín lọ lórí gíláàsì mi."

Tí àlejò bá ní sùúrù, á fi irú wọn hàn án. Àwọn kan lápá tó lọ́ yípo bí omi tó ń wọ ihò. Alápá nìyẹn, ara wọn sì ni tiwa. Òmíràn nínú alápá ní ọ̀pá gbọọrọ láàárín, ìdí ọ̀pá náà ni apá rẹ̀ ti yọ. Àwọn kan rí bí ẹyin, kò sí apá, kò sí ẹsẹ̀, ìràwọ̀ inú wọn ti darúgbó, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bí tuntun mọ́. Àwọn kan pẹlẹbẹ bí àwo, ikùn wọn yọ díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n ẹ wá apá tì lára wọn. Ẹ̀kẹrin ni jágajàga. "Àwọn tí ìyá wọn ò kọ́ ní ìjókòó," ni Ojú-Àṣá máa ń wí, àlejò á sì rẹ́rìn-ín.

Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún keje tó débẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, yá ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Jẹ́ kí n kàn fojú kàn án," ló wí. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìwé ńlá kan jáde, orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n gàdàgbà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ojú-Àṣá ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwàdà ìyá tí kò kọ́ ọmọ ní ìjókòó pàápàá wà níbẹ̀. Lójú ewé ìdúpẹ́, ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fèrèsé ṣe. Kò dárúkọ obìnrin yàrá àwòrán.

Nígbà tí Ojú-Àṣá bi í léèrè, Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Ṣé ẹni tó ṣa òkúta inú ẹ̀wà ló máa sọ pé òun ló sè é?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀ tí kì í jáde mọ́. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, tù ú nínú títí. "Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ìyàwó mi."

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Ojú-Àṣá dáhùn. "Èyí kéré. Màá bá A ṣe é."

Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Fún ọdún méje, ó ń kí ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Kò yan odì, kò kọ ìwé ẹ̀sùn. Ó kàn ń ṣọ́ ọ. Ó sì rí i pé nígbàkigbà tí òun bá jáde lọ jẹun ọ̀sán, ọkùnrin náà á yọ́ wọ yàrá, á ṣí dúrọ́ọ̀ òun.

Lọ́jọ́ kan, tíì ta láti inú ife rẹ̀ sórí gíláàsì kan, ẹ̀kán méjì péré. Nígbà tó gbẹ, etí rẹ̀ dúdú yípo, òrùka méjì wá kọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Ó ti mú aṣọ láti nù ún kúrò kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Ó jókòó. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó kọ ọ́ pé: "Òrùka méjì tó kọ́ ara wọn. Kò jọ irú mẹ́rin tí a mọ̀. Ṣé irú karùn-ún nìyí? Ó yẹ ká wo gíláàsì alẹ́ kejì ká tó sọ ohunkóhun."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Onímọ̀ gidi á dúró lórí rẹ̀. Ó fi ìwé àti gíláàsì sínú dúrọ́ọ̀, ó fi òwú dúdú kan tó mú ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ lé ìwé náà lórí. Lọ́jọ́ kẹta, òwú wà nílẹ̀, gíláàsì sì ti lọ. Ojú-Àṣá ṣa òwú náà, ó fi í sápò, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó pe àpérò. Aago méjì ọ̀sán ni, wọ́n fa aṣọ fèrèsé, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ fún àwọn onímọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ìyá arúgbó tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́ náà jókòó níwájú. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé gíláàsì náà sórí àpótí oníná.

"Irú karùn-ún rèé," ló wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo sọ ọ́ ní ìṣùpọ̀ ẹlẹ́wọ̀n."

"Ẹlẹ́wọ̀n kẹ̀?" ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn. "Kí ló jí?"

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ojú-Àṣá dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, alẹ́ mélòó lẹ rí i?"

"Alẹ́ kan. Ó ti tó."

"Alẹ́ méjì ni wọ́n ya ibẹ̀ sà. Gíláàsì kejì nìyí." Ó rìn wá síwájú, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìràwọ̀ kan náà ló wà lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n òrùka kò sí lórí ìkejì. Ìyá arúgbó tẹ̀ wò ó dáadáa. Ó fi itọ́ rin etí áńkáṣíìfù rẹ̀, ó rọra fi ra òrùka ara gíláàsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó gbé áńkáṣíìfù sí imú.

"Tíì ni," ló wí.

Gbọ̀ngàn ru gùdù. Ọ̀jọ̀gbọ́n nàka sí Ojú-Àṣá. "Òun ló tàn mí! Inú ìwé rẹ̀ ni mo ti rí i! Òun ló kọ ọ́ pé irú karùn-ún ni!"



"Inú ìwé ta ni?" ni ìyá arúgbó béèrè, jẹ́jẹ́.



"Ìwé mi ni mà," ni Ojú-Àṣá wí. "Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á." Ó mú ìwé ọjọ́sí tí ọkùnrin náà yá tó sì dá padà jáde, tòun ti déètì ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ńlá Ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ẹ fi wọ́n wé ara wọn."

Kí oṣù tó parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Wọ́n tún ìwé ńlá náà tẹ̀, orúkọ Ojú-Àṣá ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá arúgbó pe òun náà wọlé. "Nígbà tí o kọ irú karùn-ún yẹn, ṣé o mọ̀ pé tíì ni?"

"Mo mọ̀ mà."

"Nígbà náà, a ò ní fi ọ́ ṣe ọ̀gá yàrá yẹn. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sínú ìwé ìràwọ̀, ojú la ó máa fi ṣọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ó gbà á, nítorí òótọ́ ni. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dá ọjọ́ padà, á tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Ó ti rù, kóòtù rẹ̀ ti tóbi jù fún un. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀," ló wí. "Ẹ ní ẹ ti dárí jì mí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ "ẹ" sí i.

Ojú-Àṣá gbé àga fún un, ó fún un lómi mu. "Mo gbọ́ sà. Ọdún méje ni mo fi dúró. Ẹ̀yin náà ẹ lọ dúró ọdún méje, kí ẹ wá padà wá."

Nígbà tó lọ tán, télọ̀ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Ó ti tó báyìí, ìyàwó mi."

"Kò tíì tó," ló wí. Ó lọ gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún àwọn méjèèjì, ó sì jẹ tirẹ̀ mọ́ féú.