Píìnnì Méjì Tó Sọnù

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi, mo ti mọ̀ pé inú mi máa ń tètè ru. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni mo fi wa tírélà, mi ò sì fọkàn tán mẹkáníìkì kankan láyé yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n wá pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà níwájú ilé mi l'Ólódì-Àpápá, níbi tí ojú mi á ti tó o. Tiwalọlá, ọmọbìnrin tó jẹ́ ọmọ mi kan ṣoṣo, ló ń wa ọkọ̀ náà báyìí. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ pé, "Bàbá mi, tí mo bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, ó máa ń ronú kó tó dá mi lóhùn."

Avwerosuoghene ni mẹkáníìkì náà, ọmọ Úróbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀. Avwero ni gbogbo wa ń pè é. Láàárọ̀ Sátidé, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó yọ ṣọ́ọ̀kì àti búṣì tó ti jẹ tán, ó wá kan táírọ́ọ̀dù, irin gígùn tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ tí wọ́n fi jọ ń yí. Ó fi tuntun sí i. Ó wá ku píìnnì tín-ín-rín méjì péré, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ gba inú nọ́ọ̀tì kó má bàa tú lójú ọ̀nà.

"Bàbá, píìnnì dà?"

A wá a títí. A wo abẹ́ táyà, a wo inú abọ́ epo, a gbọn àkísà. Kò sí. Inú bá bí mi. Mo ní ta ló tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí i? Mò ń bú u, mo sì ń fọwọ́ tún fìlà mi ṣe lórí. Níwájú gbogbo ará àdúgbò, mo pe ọmọ ọlọ́mọ lólè.

Morìnsọ́lá ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá Tiwa, kí ló fẹ́ fi píìnnì ṣe? Ṣé ó fẹ́ fi dirun ni?"

Omi lé ròrò lójú Avwero. "Èmi, Bàbá? Kò burú. Ẹ jẹ́ n lọ ra òmíràn."

Ibẹ̀ la wà tí Ejike, ejẹ́ńtì wa ní èbúté Tin Can, fi pè. Ó ní ó ti kàn wá láti gbé kọntéínà tó ń lọ Ìbàdàn, tí ọkọ̀ ò bá tètè dé, ẹlòmíràn á gbé e. Mo já sípánà gbà lọ́wọ́ Avwero, mo wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra mi. Wáyà ni mo fẹ́ fi dípò píìnnì. Àmọ́ ihò kò bára mu, apá mi kò sì lè fún nọ́ọ̀tì náà sí i mọ́. Mo bá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí wáyà lè ráyè kọjá.

"Bàbá, wáyà no be píìnnì o!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Nígbà tí mò ń fi wáyà dé Kánò, wọn ò tíì bí ẹ."

Mo so wáyà náà tán, mo sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì. Tiwalọlá jáde nínú ilé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gun ọkọ̀, ó lọ. Mo ṣí fìlà láti gbàdúrà ọ̀nà fún un. Nǹkan bọ́ lé mi lẹ́sẹ̀. Mo wolẹ̀. Píìnnì tuntun méjì ni.

Yéè! Èmi ni! Èmi ni mo kì wọ́n bọ inú ìṣẹ́po fìlà láàárọ̀, kí àwọn tó ń ṣa irin kiri má bàa ṣà wọ́n lọ!

Ọkàn mi já. Mo pe ọmọ mi lórí fóònù, ó ń dún, kò gbé e. Ta ló kọ́ ọ? Èmi náà ni: "Tó o bá ń wakọ̀, bí ọba bá pè ẹ́, má dáhùn." Avwero ti ń di irinṣẹ́ rẹ̀. Ó rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ta ọ̀kadà rẹ̀ jí. "Bàbá, ẹ gùn ún."

Láti ọdún tí mo ti ń wakọ̀ ni mo ti ń ṣépè fún ìlà tírélà Tin Can. Lọ́jọ́ yẹn, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó gùn. Ó gùn! Ọkọ̀ wa dúró gbagidi lẹ́yìn àwọn yòókù. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, Avwero ti wà lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wò ó."

Wáyà ti já. Ó fi ìka méjì péré yí nọ́ọ̀tì tí mo fi sípánà dẹ̀, ó sì ń yí tẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó fún un padà, mo na píìnnì kan sí i. Ọmọ mi kan ṣoṣo! Ìbàdàn ló ń lọ!

Tiwalọlá bẹ́ sílẹ̀. "Bàbá mi, kí ló dé? Ẹ ti rí píìnnì? Ta ló jí i?"

Ohùn Avwero ló jáde lábẹ́ ọkọ̀. "Inú àkísà mi ló wà, sísítà. Mi ò gbọ̀n ọ́n dáadáa ni."

Háà! Ẹni tí mo pè lólè ló fẹ́ bò mí láṣìírí. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí títì, lójú gbogbo dẹ́rẹ́bà tó mọ̀ mí. "Irọ́ ló ń pa, Tiwa. Inú fìlà mi ló wà. Èmi ni mo gbé e."

Ọwọ́ tó kún fún gírísì nà jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ya àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú ìkejì wá."