Ìbora Ọkọ̀ Nurain

Lẹ́tà ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò tí Nurain ń gbé ní Lithonia, lẹ́bàá Atlanta, kọ̀wé sí i pé ọkọ̀ ìpẹja tó gbé sí iwájú gáréèjì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wà níhòòhò mọ́. Kó wá ìbora fún un kí oṣù tó parí, tàbí kó gbé e kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ náà dára o, mi ò ní purọ́. Funfun ni, ó ní ìlà búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ́ńjìnnì dúdú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ti ń rọ̀ sínú rẹ̀ láti oṣù kẹta, ewé igi sì ti kún orí àga tí èèyàn ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tí kò lọ síbi iṣẹ́, Nurain so ọkọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀, ó fẹ́ wọ́ ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Lawrenceville. Tẹ́ní ìyàwó rẹ̀ yọjú láti kíṣìnnì.

"Mú Bàbá dání. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí wọ́n ti dé láti Ẹ̀pẹ́, ògiri nìkan ni wọ́n ń wò."

"Bàbá ṣì ń sinmi," Nurain dáhùn.

Sinmi kẹ̀? Bàbá Saubana tó ti wẹ̀, tó ti kírun, tó ti gbá iwájú ilé kí ẹnikẹ́ni tó jí! Àádọ́ta ọdún ni wọ́n fi pẹja lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́; oorun àárọ̀ ò mọ ojú wọn. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ọkọ̀ náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú tú u síta. Kì í ṣe àárẹ̀ bàbá ló ń da Nurain láàmú. Ojú ló ń tì í.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin kan wà ní mọ́sáláṣí wọn, àwọn tó rí já jẹ, tí wọ́n máa ń gbé ọkọ̀ lọ sórí adágún Lanier lọ́jọ́ Sátidé. Alhaji Sàídì, akọ̀wé mọ́sáláṣí, ni olórí wọn. Nígbà tí Nurain kọ́kọ́ bá wọn lọ, Sàídì bi í léèrè ibi tó ti mọ ọkọ̀ í tù tó bẹ́ẹ̀. Nurain ní bàbá òun ní ọkọ̀ ìpẹja ní Ẹ̀pẹ́. Òótọ́ sì ni. Sàídì ní, "Ọkọ̀ mélòó?" Ibẹ̀ ni ẹnu Nurain ti yọ̀. "Mẹ́rin," ló wí. "Onírin ni wọ́n. Ojú òkun ni wọ́n ń lọ." Látìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní ọmọ ọlọ́kọ̀ mẹ́rin, ó sì ń jẹ́ wọn. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Eléyìí ò tilẹ̀ júwe ilé bàbá rẹ̀ rárá, ilé onílé ló ń nawọ́ sí. Báyìí, bàbá ọlọ́kọ̀ mẹ́rin ti dé sí Atlanta pẹ̀lú báàgì kan àti àtẹ́lẹwọ́ tí okùn àwọ̀n ti bẹ́ yánnayànna, ọmọ wọn sì ń fi wọ́n pamọ́ sínú ilé.

Ṣùgbọ́n kò lè sọ èyí fún Tẹ́ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò fún Bàbá.

Ìbora kún ṣọ́ọ̀bù náà láti ilẹ̀ dé òkè. Eli, òyìnbó onírùngbọ̀n tó ń tajà níbẹ̀, tẹ́ méjì sílẹ̀ fún wọn. Èkíní dúdú, ó ń dán, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Irú rẹ̀ ló wà lórí ọkọ̀ Alhaji Sàídì, òun gan-an ni Nurain sì bá wá. Èkejì jẹ́ tapólì aláwọ̀ eérú kan tó nípọn, ó ní ojú afẹ́fẹ́ méjì lórí, ó sì ní ọ̀pá tí wọ́n ń fi gbé àárín rẹ̀ sókè. Kò dán, kò ṣe fáàrí.

Bàbá fọwọ́ pa méjèèjì wò. Wọ́n fi ti dúdú sílẹ̀.

"Èyí ni kó o rà," wọ́n ń lu tapólì eérú náà jẹ́jẹ́. "Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mí. Tó o bá fi nǹkan dídán yẹn dì í pa, omi inú rẹ̀ ò ní rí ọ̀nà jáde, àga rẹ̀ á bu, á máa rùn. Ọ̀pá yìí náà, má fojú kéré ẹ̀. Tí àárín bá ti tẹ̀, òjò á gbá jọ síbẹ̀, á fà á ya."

Eli bèèrè ohun tí bàbá ń wí. Nurain túmọ̀ rẹ̀ fún un, Eli sì rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun ń sọ fún àwọn oníbàárà láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn, wọn ò gbọ́. Ó wá bèèrè gígùn ọkọ̀.

"Ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún," Nurain dáhùn. Bẹ́ẹ̀ lẹni tó tà á fún un ṣe sọ.

"Ọkọ̀ tó wà níta yẹn?" Bàbá mi orí. "Kò tó bẹ́ẹ̀."

Kí Nurain tó dá wọn dúró, wọ́n ti jáde sí ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún. Wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n gbé àyà lé ara ọkọ̀ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá wọ̀n ọ́n láti imú lọ sí ìdí, wọ́n ń ka iye rẹ̀ sábẹ́ ẹnu. Àwọn oníbàárà tó ń kọjá ń wò wọ́n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Eli ní téèpù," Nurain ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń ka tiwọn lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ka iye, tó bá pàdánù á tún un bẹ̀rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́tò dúdú kan wọlé. Ta ni ì bá tún sọ̀ kalẹ̀, bí kò ṣe Alhaji Sàídì!

"Ọmọ ọlọ́kọ̀ mẹ́rin!" Ó bọ Nurain lọ́wọ́. Ó wá rí arúgbó tó ká ṣòkòtò, tó di mọ́ ara ọkọ̀. "Ta ni bàbá yìí?"

Ẹ wò ó, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìbéèrè yẹn ní lábẹ́ ọ̀run. Ọmọ ọdún méjì á dá a lóhùn.

"Ẹnìkan tó máa ń bá bàbá mi ṣiṣẹ́ ni," Nurain wí. "Wọ́n wá kí wa ni."

Apá Bàbá dúró lára ọkọ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n gbọn ọwọ́ nù, wọ́n yí padà, wọ́n tẹrí ba fún Sàídì tí kò tó àbíkẹ́yìn wọn.

"Ẹ káàsán o, Alhaji. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni mo ti ṣiṣẹ́, ó ti pẹ́."

Bàbá wọn! Nurain ni wọ́n ń fún ní ọ̀wọ̀ yẹn, ọmọ tí wọ́n bí. Ara rẹ̀ bù máṣọ.

Inú Sàídì dùn. "Ẹ wá sọ fún mi. Irú èèyàn wo ni ọ̀gá yín?"

"Èèyàn lásán ni wọ́n," Bàbá ní. "Wọ́n mọ omi. Wọ́n sì fẹ́ràn ọmọ wọn."

"Ara wọn ṣì le dáadáa?"

Bàbá wo Nurain. Nurain ń wo táyà.

"Rárá, Alhaji. Wọ́n ti kú."

"Ìnnálílláì!" Sàídì fa Nurain mọ́ra. "Bàbá kú, o dákẹ́? Ṣé ará kọ́ la jẹ́ ni? Jímọ̀ yìí, gbogbo mọ́sáláṣí á ṣàdúà fún wọn. Mi ò fẹ́ gbọ́ nǹkan kan, èmi fúnra mi ni màá sọ fún Alfa Yakub." Nurain ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, Bàbá wọlé.

Wọn ò ra ìbora kankan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ẹ̀ dé ilé, Nurain yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. O ti fi mí ṣe ẹ̀sín, mo bá kúkú mú ikú." Wọ́n ń wo títì. "Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún ni ọkọ̀ ẹ. Kì í ṣe méjìdínlógún."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìkíni ti kún orí Wasáàpù mọ́sáláṣí. Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Tẹ́ní ka méjì, ó gbé fóònù náà wá bá ọkọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó ní ta ló kú. Nurain sọ fún un.

"Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́ fún wọn," Tẹ́ní wí. "Ẹnu tó pa bàbá ni kó jí wọn."

Wẹ́sìdeè lọ, Tọ́sìdeè lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Nurain tẹ nọ́ńbà Sàídì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló pa á kó tó dún. Tó bá sọ òótọ́, ọdún mẹ́ta iyì rẹ̀ lọ nìyẹn. Tó bá dákẹ́, á jókòó láàárín èèyàn, wọ́n á máa ṣàdúà òkú lé bàbá rẹ̀ tó wà láàyè lórí. Ó lérò pé òun á lọ lóun nìkan, kóun dọ́gbọ́n sí i. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Jímọ̀, Bàbá ti wọ jálàbíà funfun, wọ́n ti jókòó sínú mọ́tò.

"Wọ́n fẹ́ ṣàdúà fún mi," wọ́n ní, "kí n wá jókòó sílé?"

Lẹ́yìn ìrun, Alfa Yakub, lèmọ́mù wọn, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní arákùnrin wọn Nurain pàdánù bàbá rẹ̀, èèyàn ńlá, ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́rin lójú òkun. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Bàbá Saubana náà gbé tiwọn sókè, ojú ọgbẹ́ okùn hàn gbangba lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ọwọ́ Nurain ò gbéra.

"Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n."

"Àmín," Bàbá wí.

"Kí Ọlọ́run fẹ sàréè wọn lójú."

"Àmín."

"Kí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ má ba orúkọ wọn jẹ́."

Mọ́sáláṣí dún gììrì pẹ̀lú àmín. Nurain tẹ́tí sí ti Bàbá, kò gbọ́ ọ. Ó wo ẹ̀gbẹ́. Bàbá ò lè wí i.

Nurain dìde dúró. "Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Bàbá mi ò kú. Àwọn nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Irọ́ ni mo pa."

Gbogbo ọwọ́ rọ̀ wálẹ̀. Láti iwájú, Alhaji Sàídì yíjú padà. "Bàbá tí mo bá ní Lawrenceville? Tí o ní wọ́n ń bá bàbá rẹ ṣiṣẹ́?"

Kí Nurain tó dáhùn, Bàbá ti fọwọ́ ti orúnkún, wọ́n dìde. "Ẹ má bá a wí, Alhaji. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ pé bàbá rẹ̀ ti kú."

Háà! Wọ́n ṣì ń bò ó. Ẹni tó sẹ́ wọn lójú ọ̀sán gangan ni wọ́n ṣì fẹ́ dúró síwájú rẹ̀ kí òkò má bà á. Ìtìjú tó mú Nurain nígbà náà, ti ọjọ́ Túsìdeè ò tó ìdajì rẹ̀.

"Ọkọ̀ mẹ́rin yẹn wá ńkọ́?" Sàídì bèèrè.

Eléyìí, Bàbá ò dáhùn rẹ̀. Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn, wọ́n ń dúró.

"Kò sí ọkọ̀ mẹ́rin," Nurain wí. "Apẹja ni bàbá mi. Àwọ̀n ni wọ́n ń jù lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ onígi kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé wọn."

"Méjì ni," Bàbá wí jẹ́jẹ́. Wọ́n ti ń padà jókòó. "Èkíní rì kí a tó bí ẹ."

Nurain ò mọ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógójì, kò bi wọ́n rí.