Ampilifáyà Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ

Ampilifáyà mọ́kànlá ló wà nínú yàrá kejì, bẹ́ẹ̀ gìtá kan ṣoṣo ni onígìtá ní, ọwọ́ méjì péré sì ni Ọlọ́run fún un. Orí àga ní pálọ̀ ni àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjèèjì ń sùn, kí àwọn àpótí aláriwo lè ríbi gbé. Ìyàwó rẹ̀ fara dà á títí ó fi sú u.

"Dádì àwọn ọmọ, ẹ mú méjì. Tí n bá bá ẹ̀kẹta níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin náà á máa sùn lórí àga."

Ìyẹn ló mú un ránṣẹ́ pe Ọ̀gá, àgbàlagbà tó kọ́ ọ ní gìtá, pé kó wá mú èyí tó bá wù ú nínú mẹ́sàn-án tó kù. Ìyàwó rẹ̀ yìn ín pé ó lawọ́. Ìyìn náà gún un lọ́kàn. Òun nìkan ló mọ̀ pé ẹ̀bi ló ń lé òun kiri.

Lọ́dún méje sẹ́yìn, ó yá ampilifáyà Ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan ṣoṣo tí àgbà náà ní nìyẹn. Ohùn rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára débi pé ó tú u, ó yọ sípíkà inú rẹ̀, ó gbé e sínú àpótí tirẹ̀, ó lóun kàn fẹ́ dán an wò ni. Nígbà tí Ọ̀gá béèrè, ó ní iná ti jó o. Ó tiẹ̀ gbé tuntun dídán lọ fún un. Kò pẹ́ sígbà náà ni Ọ̀gá fi gìtá sílẹ̀, gbogbo èèyàn sì ní ọjọ́ ogbó ló dé.

Lọ́sàn-án Sátidé, Ọ̀gá jókòó sáàárín yàrá, ó ń fi gìtá onígìtá dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ti àkọ́kọ́ ń kùn. Ó ní ìkejì ń pariwo bí ẹni tó ń wá ìbò. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí igun yàrá, níbi tí aṣọ bo ọ̀kan.

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn ò ṣiṣẹ́ dáadáa, sà."

"Háà, dádì!" Ìyàwó onígìtá ló ń gbé omi wọlé. "Ààyò wọn mà nìyẹn, sà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó." Ó sì ká aṣọ náà kúrò.

Kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ọ̀gá ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ta okùn mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún un ta jẹ́jẹ́.

"Ohùn mi nìyí. Ta ló wọ̀ ọ́ láṣọ báyìí?"

Onígìtá kúnlẹ̀ gbì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kò jóná. Èmi ni mo yọ sípíkà yín."

Ó ń retí èébú, kódà ó ń retí ìgbátí. Ọwọ́ òsì ara rẹ̀ ni Ọ̀gá ń wò, ó ń ká ìka rẹ̀, ó ń nà án.

"Gbogbo èyí tí mo lò lẹ́yìn ẹ̀, ohùn mi ò jáde níbẹ̀. Mo sọ fún ìyá àwọn ọmọ mi pé ìka mi ti kú. Ó sunkún títí." Ó yíjú sí onígìtá. "Àṣé ìka mi kọ́?"

"Ìka yín kọ́, sà."

"Ọdún méje," ni Ọ̀gá wí. Ó sún mọ́ ampilifáyà náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá. Kò sẹ́ni tó ní kí onígìtá dìde.