Àdùkẹ́ Nínú Ìgò Alántakùn

Làmídì ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín. Mo lálàá lánàá pé mo padà sí láàbù tí mo ti ń bọ́ alántakùn kí n tó fẹ̀yìn tì. Lójú àlá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ewúrẹ́, má bá mi jiyàn. Kálukú ló ní ìgò tirẹ̀, torí wọ́n máa ń jẹ ara wọn. Bí a bá fẹ́ kí akọ gun abo, a ó kọ́kọ́ fi eṣinṣin bọ́ abo yó ká tó gbé akọ wọlé tọ̀ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi ọkọ ṣe oúnjẹ.

Bí mo ṣe ṣí ìgò abo kan báyìí, èmi gan-an ni mo di akọ, ẹsẹ̀ mẹ́jọ, fìlà mi ṣì wà lórí. Abo yíjú padà. Àdùkẹ́ ìyàwó mi ni, tí a sin lọ́dún tó kọjá.

Mo ní, "Àdùkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Ó ní, "Ta ni ẹ fẹ́ kó bọ́ mi, Bàbá Ṣadé? Ṣebí iṣẹ́ yín ni."

Mi ò sá. Mo rò ó pé bó bá jẹ mí, a ó tún wà pọ̀. Ó sún mọ́ mi, ó fọwọ́ tẹ itan mi wò, ó ní, "Egungun lásán," ó sì kẹ̀yìn sí mi.

Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí di àárọ̀ yìí ni pé kò jẹ mí.