Ọwọ́ tí Adúmáadán Nà Sókè

Bí ojú èmi àti Adúmáadán bá ti ṣe mẹ́rin nínú yàrá ìgbìmọ̀, ọkàn mi a yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Ọkùnrin tó ń yọ́ mi lọ́kàn náà ló ń dí mi lọ́nà.

Iṣẹ́ wa ni ká kọ ìlànà òǹtẹ̀ àkókò. Tí èèyàn bá ra nǹkan lórí ẹ̀rọ ayélujára, kọ̀ǹpútà á lu òǹtẹ̀ sí àdéhùn náà, òǹtẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà jí lọ́la kó ní òun ló kọ́kọ́ rà á. Ṣùgbọ́n aago kọ̀ǹpútà náà máa ń yára, ó máa ń falẹ̀. Mo wá kọ gbólóhùn kan sínú ìlànà náà: kí gbogbo òǹtẹ̀ máa sọ bí aago tó lù ú ṣe lè ṣì tó. Gbólóhùn kan péré! Àṣà ìgbìmọ̀ wa sì ni pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá nawọ́ àtakò, ọ̀rọ̀ á padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni tèmi ti padà, ọwọ́ Adúmáadán ló sì dá a padà. Alága ti ní bó bá tún padà lónìí, àwọn á yọ ọ́ dànù.

Nígbà ìsinmi, Adúmáadán bá mi nídìí ẹ̀rọ omi tútù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Olólùfẹ́ mi, òótọ́ lo kọ," ó ní jẹ́jẹ́. "Èmi ni mo ń tọ́jú aago ilé-iṣẹ́ wa. Wọn kì í dúró déédéé."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n dunjú."

"Kí ló wá dé tí ọwọ́ ẹ ń fò sókè bí ẹni tí eèrà jẹ lábíyá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn! "Ọ̀gá mi ló ní kí n ta kò ó. Tí àwọn oníbàárà bá rí i pé aago wa ń ṣì, ta ló máa gbà wá gbọ́? Fi gbólóhùn yìí sílẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, màá wá rí àwọn òbí ẹ."

Ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò, àmọ́ obì tèmi há sápò lọ́jọ́ náà.

"Lọ sọ ọ́ sínú máìkì," mo ní. "Níbí o fara mọ́ mi, níbẹ̀ o ń ta kò mí. Èwo ni kí n fẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ìyá Amòfin, tó jẹ́ agbẹjọ́rò ìgbìmọ̀, ń kọjá lọ. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ ká lọ parí òǹtẹ̀ àkókò. Ẹ ó lu ti ìgbéyàwó tó bá yá!"

A wọlé. Alága ka gbólóhùn mi, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ẹnikẹ́ni ta kò ó?"

Adúmáadán wo fóònù rẹ̀, ó wò mí pẹ̀lú ojú tútù yẹn, ó sì nawọ́ sókè.

"Ó le jù fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké, sà."

Mo dìde. "Bàbá Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í wò: aago tiwọn ńkọ́? Ṣé ó ń dúró déédéé?"

Adúmáadán fa máìkì mọ́ra. "Aago wa kì í ṣì, sà."

Ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún ẹnu mi bí omi gbígbóná. Mi ò lè tu ú síta, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni ì bá bá a lọ. Mi ò sì lè gbé e mì. Ìyá Amòfin pòṣé. Alága fa ìlà sórí gbólóhùn mi, ó ṣí ojú ìwé tó kàn.

Nígbà tí ìpàdé tú, Adúmáadán sá tẹ̀ lé mi títí dé ẹnu ẹ̀rọ agbéniròkè.

"Má bínú, ayọ̀ mi. O mọ̀ pé mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Lóṣù tó ń bọ̀, àwọn òbí ẹ..."

"Má wá," mo ní. "Bàbá mi á bi ẹ́ bóyá o fẹ́ràn ọmọ òun, níwájú ẹ̀gbọ́n, níwájú àbúrò. Mo sì ti mọ bí o ṣe ń dáhùn níwájú èèyàn."

Ilẹ̀kùn pa dé. Mo sunkún títí dé ìsàlẹ̀, inú sì tún ń bí mi pé mo ń sunkún.