Àsíá Kọ́nà Keje

Ẹni tó bá rí mi níbi ìdíje àkọ́kọ́ ọdún yẹn á rò pé orí mi ti ń dàrú. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ológbò ló gbégbá orókè, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Àwa olólùfẹ́ rẹ̀ la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bó ti wù kí alùpùpù gbé e ṣánlẹ̀ tó, á tún dìde ni. Ẹ̀yìn ológbò kì í sáà balẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo eré náà fún ìyàwó mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo fi ọmọrí ìkòkò méjì ṣe ọwọ́ alùpùpù.

Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ gùn ún ni? Òógùn yín ti pọ̀ ju ti ẹni tó gbé ife lọ."

Àga mọ́tò ni mò ń rán jẹun. Láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, èmi àti awọ àti fóòmù la jọ ń fà á, gọ́ọ̀mù á sì gbẹ mọ́ mi léèékánná. Àmọ́ tó bá di Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù, pápá eré ìje lẹ ó ti bá mi. Ìdíje mẹ́jọ ló wà nínú sáà kan, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù: alùpùpù láàárọ̀, mọ́tò lọ́sàn-án. Èmi kì í jókòó sáàárín àwọn òǹwòran. Mo wà lára àwọn tó ń di àsíá mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìfẹ́ eré ló gbé wa débẹ̀, kò sẹ́ni tó fi tipá mú wa.

Kọ́nà keje ni tiwa. Ọ̀nà ṣẹ́ níbẹ̀ bí ìgúnpá, ẹni tó ń bọ̀ kò lè rí ohun tó wà níwájú àfi tó bá yí tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé èèyàn méjì ló ń dúró síbẹ̀, tí wọ́n á kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọ̀kan á máa wo àwọn tó ń bọ̀. Èkejì á máa wo ọ̀nà tó wà lẹ́yìn kọ́nà, nǹkan bí ọgọ́rin ìgbésẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú síbẹ̀, kó yáa ju àsíá yẹ́lò sókè, kí àwọn tó kù lè dẹwọ́ eré kí wọ́n tó yí. Èmi ni mo ń di yẹ́lò mú. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ojú ẹ kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ọgọ́rin ìgbésẹ̀ yẹn.

Bàbá Rélùwéè lẹnìkejì mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ń fi àsíá dá ọkọ̀ ojú irin dúró kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti jìnnà, ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń mú un fá irùngbọ̀n kó sì lọ ṣòkòtò rẹ̀ ni kọ́nà keje. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ àsíá. Mọ́tò ló fẹ́ràn, kò ka alùpùpù sí rárá.

Á ní, "Ohun tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ju méjì lọ, tẹ́ ẹ ń pè lọ́kọ̀."

Èmi náà á ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo ayé yín nídìí ohun tó ní ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀, kí lẹ ò ní sọ?"

A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń ṣe tẹnì kan kì í di àsíá mú dáadáa. Tó o bá ti wọlé síbí, fi Ológbò sílẹ̀ lẹ́nu géètì." Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ìdíje kejì, ṣéènì alùpùpù Ológbò já nígbà tó ku díẹ̀ kó parí. Inú bí mi débi pé mo rán àga oníbàárà kan ní òdì lọ́jọ́ kejì, mo tún bá a jà nígbà tó fi hàn mí. Ní ìdíje kẹta ó ṣe ipò kejì, mo ṣàlàyé fún gbogbo àdúgbò pé ńṣe ni wọ́n yàn án jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gbé ayé mi. Bó bá borí, oúnjẹ á dùn lẹ́nu mi. Bó bá pàdánù, kí ìyàwó mi ṣọ́ra.

Ìdíje kẹrin ni nǹkan dàrú. Ológbò wà ní ipò kẹta nígbà tó yí kọ́nà wa kọjá. Láti ibi tí mo dúró sí, téèyàn bá gbójú sókè, á rí ọ̀nà gbọọrọ kan lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí wọ́n ti ń sáré jù. Mo gbójú sókè. Mo rí i tó ya ẹni tó wà ní ipò kejì sílẹ̀, tó tún ń kan ẹni tó wà níwájú pátápátá lẹ́yìn. Mo ki àsíá bọ abíyá, mo ń pàtẹ́wọ́, mo ń kígbe pé, "Ológbò! Ẹ̀yìn ẹ ò ní balẹ̀!" Wọ́n ní ohun tójú ń wá lojú ń rí. Ológbò lojú mi ń wá.

Ariwo irin tó ń ha ọ̀dà ló dá mi padà. Ọ̀kan lára àwọn tó ń sáré, nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ti ṣubú sáàárín ọgọ́rin ìgbésẹ̀ mi. Ó ti wà lórí orúnkún, ó ń gbìyànjú àtidìde, akoto rẹ̀ kọjú sí mi. Mo fa àsíá, ó há sábẹ́ aṣọ, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá ti gbọ́ ariwo náà, ó yí padà, ó gbé àsíá nílẹ̀, ó jù ú sókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ti yí kọ́nà. N kò ní sọ bó ṣe gbá a.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́, sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Ológbò ló gbé ife ọjọ́ náà, n kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ pè wá sí yàrá kan lẹ́yìn ọ́fíìsì pápá. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú wọn. Àwa méjèèjì la máa ń pín iṣẹ́ láàárín ara wa, ìgbìmọ̀ kò mọ ẹni tí yẹ́lò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òdìkejì ọ̀nà ni kámẹ́rà wà, òpó sì bò mí. Bàbá nìkan ló hàn nínú àwòrán náà, tó gbé àsíá yẹ́lò sókè, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ yẹn ṣubú. Wọ́n fi í hàn wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Alága ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ju àsíá yìí?"

"Èmi ni."

"Ó pẹ́ kó tó lọ sókè."

"Ó pẹ́," ni Bàbá wí. Ó wá yí ojú sọ́dọ̀ mi. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò fajú ro. Ó kàn ń dúró.

Alága bi mí pé, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ní nǹkan tó o fẹ́ fi kún un?"

Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé wọn ò ní jẹ́ kí n wọ pápá mọ́, kò sì ní ṣojú mi tí Ológbò máa parí sáà rẹ̀. Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Mo ní, "Rárá, sà."

Wọ́n gba káàdì iṣẹ́ àsíá lọ́wọ́ Bàbá. Wọ́n ní ọjọ́ orí ti dé, kó lọ máa sinmi. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé arúgbó sùn lọ nídìí àsíá. Bàbá bọ́ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi sórí tábìlì, ó sì jáde. Wọ́n sọ èmi di ọ̀gá kọ́nà keje.

Ológbò borí nínú ìdíje karùn-ún, ó tún borí nínú ìkẹfà. Ẹnìkejì mi tuntun, obìnrin kan tó ń tún aago ṣe, ń fò sókè fún mi torí ó mọ̀ pé tirẹ̀ ni mò ń ṣe. N kò lè fò. Mo tẹ ojú mọ́ ọgọ́rin ìgbésẹ̀ náà títí omi fi ń bọ́ lójú mi, kò sì sẹ́ni tó tún ṣubú síbẹ̀. Ta ni mò ń ṣọ́? Ẹni tó yẹ kí n ṣọ́ ti lọ.

Ìyàwó mi ní, "Ológbò ń borí, ẹ ń jókòó bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀." Mo bú u. Mo ní kó jẹ́ kí n gbádùn. Ó gbé àwo oúnjẹ tí n kò fọwọ́ kàn, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ìdíje keje, gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé Ológbò ló máa gba ife sáà náà. Wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ yí pápá ká. Èmi wà lẹ́yìn odi táyà, mò ń bì. Nígbà tí mo délé, mo jókòó sílẹ̀ nínú ilé ìdáná, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo rò pé yóò gbá mi mọ́ra. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo bí ọmọ yẹn. Ẹ lọ sọ fún ẹni tó bí i. Ẹ sì kọ́kọ́ lọ bá Bàbá."

N kò lọ kíákíá, kí n má parọ́. Ó tó oṣù kan kí ẹsẹ̀ mi tó gbà. Ní Sọ́ńdè tí wọ́n fẹ́ sá eré ìkẹyìn, mo kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, mo mú un lọ fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ lẹ́nu géètì, mo sì yí padà. Àwọn olólùfẹ́ Ológbò ń wọlé lọ ní tiwọn, wọ́n ń kí mi, wọ́n ń bi mí pé ibo ni mò ń lọ.

N kò bá Bàbá nílé. Obìnrin tó ń gbé ní yàrá kejì sí i ló sọ fún mi pé Bàbá kì í sí nílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè mọ́, ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì ló máa ń lọ. Mo mọ alágbàfọ̀ yẹn. Ìyá nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá náà dúró nídìí tábìlì, ó ń lọ aṣọ. Bàbá jókòó sórí àpótí, ó ń ká ṣẹ́ẹ̀tì ní ìkọ̀ọ̀kan, ó sì ń tò wọ́n jọ. Kò yà á lẹ́nu pé ó rí mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà, mo sì sọ ọ́. Mo sọ pé èmi ni mo di àsíá mú, pé Ológbò ni mò ń wò, pé Bàbá ló gbé e nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ mi, pé mo dákẹ́ níwájú ìgbìmọ̀.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó wo Bàbá. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Omi ọṣẹ ni mo dà sí yín lára lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ wá. Mo lé yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí ló dé tẹ́ ẹ gbà pé ẹ̀yin ni?"

Bàbá ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ó ní, "Èèyàn kan gbọ́dọ̀ wá bẹ̀ yín. Mo retí ẹni yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí kò wá, mo wá. Èmi náà ni mo sì gbé àsíá lé e lọ́wọ́, mo mọ irú ẹni tó jẹ́."

Mo ní, "Bàbá, mo ti kọ̀wé sí wọn láàárọ̀ yìí. Wọ́n á dá káàdì yín padà."

"Kò wù mí mọ́," ni Bàbá wí. Kò gbójú sókè.

Mo yí padà sí ìyá náà. Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fọwọ́ nu orí tábìlì, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ fún oníbàárà pé aṣọ rẹ̀ kò tíì gbẹ.

"Odindi oṣù mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà kí n tó lè dárí ji bàbá yìí. N kò sùn. N kò jẹun. Gbogbo èyí tó wà nínú mi ni mo kó fún un, mo sì ti fún un tán. Kò sí òmíràn nínú mi."

Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù.

"Dìde lójú ọ̀nà," ló wí. "Àwọn èèyàn ń bọ̀ wá gba aṣọ wọn."