Ejò Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ó tó oṣù mẹ́ta tí oorun ò kùn mí mọ́. Ọwọ́ èmi Obdulia ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, bó ṣe wà lọ́wọ́ ìyá mi. Àwọn mọ́ńkì, àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tó ń gbé orí òkè, ló kọ lẹ́tà. Wọ́n ní àwọn mọ́ńkì tó ṣáájú àwọn ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yìí ní ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, nítorí náà àwọn ń bọ̀ wá yọ òkúta gbígbẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn. Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí! Ìjọba wá rán Dókítà Iria, onímọ̀ nípa ilé àtijọ́, pé kó wò ó: ẹni tí Dókítà bá sọ pé ó kọ́ ọ ló ni ín.

Ọmọbìnrin náà gun àkàsọ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ejò tó lọ́ mọ́ orí òpó. Ejò Sátánì là ń pè é. Gbogbo wa pátá, bá a bá ti ń wọlé, a ó tutọ́ sí i lára.

"Màmá, ejò yìí fẹ́ jọ iṣẹ́ àwọn mọ́ńkì o."

Mo di kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi mú.

Ìgbà yẹn gan-an ni Eladio àbúrò mi, apẹja, gbé korobá wọlé, ẹja odò wa tó gùn bí ejò wà nínú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, lampirea rèé o. Àbí ẹ̀ ń gbààwẹ̀ nítorí òkúta ni?"

"Gbé ìranù yẹn jáde nílé Ọlọ́run!"

Ẹja gígùn náà ta jáde. Mo gbá a lórí mú, mo ki ìka bọ àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ni mo bá gbójú sókè.

"Dókítà! Ẹ ka ihò ẹ̀gbẹ́ orí ejò yẹn fún mi!"

"Ọ̀kan, èjì... ẹ̀fà, èje."

"Ejò wo ló ní ihò méje bíi ti ẹja yìí?"

Ó wo ẹja ọwọ́ mi, ó wo òkúta. "Yéè! Ẹnu ti òkúta náà rí roboto bíi tirẹ̀. Mo rò pé òjò ló jẹ ẹ́ ni. Ṣé ẹja yìí ń dé orí òkè?"

"Òkè kẹ̀!" Eladio bú sẹ́rìn-ín. "Omi ibẹ̀ ò tó fọ ẹsẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: ohun tí ẹ̀ ń pè ní ìyẹ́ áńgẹ́lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yẹn, àwọ̀n ìpẹja ni. Irú rẹ̀ ni mo so sáàárín òkúta odò láàárọ̀ yìí."

Dókítà tan iná sí i, ó fìka tọ ojú àwọ̀n náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àwọn apẹja odò yín ló kọ́ ilé yìí, Màmá. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní yọ òkúta kan."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Ọkàn mi wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ṣé kí n dá ẹja padà sódò ni?" Eladio ní. "Ó ṣáà ti jẹ́rìí fún wa."

"Dán an wò! Inú ìkòkò ọbẹ̀ wáìnì ni ẹlẹ́rìí ń lọ lónìí."

Nígbà tí wọ́n lọ, mo pọn omi, mo gun àkàsọ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn àti ọṣẹ. Itọ́ ìyá mi wà lára òkúta yẹn, itọ́ ìyá ìyá mi, àti tèmi. Mo fọ̀ ọ́ títí ihò méjèèje fi mọ́.

"Ẹ má bínú," mo ní fún ẹja òkúta náà. "A ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bọ́ wa."